Ǹjẹ́ gígé etí fọ́tò lẹ́yìn tí a ti yà á tán wà lára iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ àwòrán?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kámẹ́rà

Ẹ̀yin àgbà onífọ́tò àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí pé kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà ọdún Iléyá. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ya bàbá àgbàlagbà kan ní àkókò gan-an tí ẹṣin rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, tí bàbá fúnra rẹ̀ sì na apá sókè láti fi kí àwọn èrò. Ojú rẹ̀ hàn kedere, oòrùn mú eruku tó wà lábẹ́ ẹṣin náà, bí ọrùn ẹṣin ṣe tẹ̀ sì bá bí bàbá ṣe na apá mu gan-an. Ṣùgbọ́n òpó kánópì kan dúró gbọnrangandan ní apá òsì, ìdajì ara ọkùnrin kan tó ń fi fóònù ya fídíò sì wọ inú fọ́tò náà, agbádá rẹ̀ funfun débi pé òun ni ojú ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Okùn tí wọ́n ta fún àwa onífọ́tò kò jẹ́ kí n lè sún síbì kankan. Nígbà tí mo délé, mo gé apá òsì náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo sì gé díẹ̀ kúrò nínú òfuurufú tó wà lókè, ó wá ku bàbá, ẹṣin àti eruku.

Mo gbé e lọ sí ẹgbẹ́ onífọ́tò tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń darí wa yìn ín, ṣùgbọ́n bí ó ṣe gbọ́ pé mo gé e, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má kà á mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, pé onífọ́tò tó mọṣẹ́ a máa gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ nínú kámẹ́rà, ìyẹn ni pé yóò yan ohun tó máa wọ inú rẹ̀ àti ibi tí yóò wà, kí ó tó tẹ bọ́tìnì, àti pé ohunkóhun tí a bá gé lẹ́yìn náà jẹ́ àtúnṣe fún ohun tí a kò rí nígbà tó yẹ kí a rí i. Ó ní fọ́tò náà kò ní sí nínú ìpàtẹ àwòrán tí a ń múra sílẹ̀ fún. N kò bá a jiyàn, nítorí ó ṣáájú mi nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ n kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo rí òpó yẹn nígbà tí mo ń ya fọ́tò náà, mo sì ti mọ̀ pé n ó gé e. Ṣé ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ara ìgbékalẹ̀ ni? Ṣé ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ni iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ ń parí, àbí ìgbà tí fọ́tò bá dé iwájú ẹni tí yóò wò ó?

Ojú Lalákàn

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ̀yìn ẹni tó ń darí yín ni mo wà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Fíìmù sílàìdì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tó bá wọ inú fíìmù yẹn ni yóò hàn lára ògiri nígbà tí a bá tan iná sí i. Kò sí pépà láàárín, kò sì sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi etí kan pamọ́. Nítorí náà, ojú mi kọ́ láti máa yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí ìka mi tó lọ sórí bọ́tìnì: kí ló wà lókè lọ́tùn-ún, kí ló ń yọrí wọlé nísàlẹ̀ lósì, ṣé igi kan ń hù jáde lórí ẹni tí mo ń yà? Tí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ kò ronú nípa rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ yín á kàn máa gbé yín lọ síbi tó yẹ.

Henri Cartier-Bresson, ará Faransé tó fi kámẹ́rà Leica àti lẹ́ǹsì mìlímítà 50 ya ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fọ́tò rẹ̀, fẹ́ kí wọ́n tẹ gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù òun, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò, jáde pẹ̀lú ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé kò sí ohun tí a gé kúrò. Ìgbéraga kọ́ ló fà á. Ó gbà pé ìṣẹ̀lẹ̀ àti ìtò rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, pé gbogbo nǹkan a máa bọ́ sí ipò rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ẹni tó bá sún etí fọ́tò lẹ́yìn náà ti tú ohun tó so ó pọ̀.

Ewu tí mo rí nínú gígé kì í ṣe ti fọ́tò kan ṣoṣo, ti àṣà ni. Ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn pé òun yóò gé e nílé kò ní rìn. Ẹ wo ọ̀pọ̀ onífọ́tò níbi ìnáwó lónìí: wọn a dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọn a ya gbogbo tábìlì pọ̀, wọn a sì lọ máa wá fọ́tò inú rẹ̀ nílé. Ohun tí wọ́n ń gé jáde a máa dà bí ohun tí ẹni tó wà lókèèrè yọjú wò. Bí ó bá jẹ́ èmi, n ó tọ́jú fọ́tò ẹlẹ́ṣin yẹn sínú àpótí, n ó sì tètè débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí n lè yan ibi tí òpó náà kò ní sí lójú ọ̀nà, tàbí kí n kúnlẹ̀ kí ara ẹṣin lè bò ó.

Bàbá Dákúrúùmù

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Ojú Lalákàn kọ, pàápàá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n sílàìdì jẹ́ ọ̀nà kan nínú ọ̀nà púpọ̀ tí a ń gbà ṣe fọ́tò, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi òfin rẹ̀ de gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí pépà, nítorí pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà lè máà tíì fiyè sí i. Fíìmù kékeré tí gbogbo ayé ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24 ní gíga àti 36 ní fífẹ̀. Pépà tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn fún fọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri jẹ́ ínǹṣì 8 sí 10. Bí a bá fẹ́ kí fọ́tò kún pépà náà láìku àyè funfun, mìlímítà 30 péré nínú 36 ni yóò wọ̀ ọ́. Ìdá kan nínú mẹ́fà ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹwà. Bí onífọ́tò kò bá yan ibi tí òun yóò ti gé e, ẹni tó ń tẹ fọ́tò ní ilé ìfọ́tò ni yóò bá a yàn án, òun kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a yà á. Nítorí náà, ní ìdí iṣẹ́ wa, a kì í sábà béèrè bóyá a ó gé e. Ta ni yóò gé e, kí sì ni yóò tẹ̀lé tí yóò fi mọ ibi tí òun yóò gé, èyí ni ìbéèrè wa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo Rolleiflex, kámẹ́rà olójú méjì tí a máa ń gbé sí àyà, tí a ó sì tẹrí ba wo inú rẹ̀ láti òkè. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà, méjìlá nínú rọ́ọ̀lù kan. Òun ni Pierre Verger, onífọ́tò ará Faransé tí a mọ̀ sí Fátúnmbí, fi ya Bahia ní Brazil, tó fi ya ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá àti Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn O Cruzeiro ní Brazil láti ọdún 1946. Ojú ewé ìwé ìròyìn kì í dọ́gba ní gíga àti fífẹ̀. Fọ́tò onígun mẹ́rin dọ́gba tó bá fẹ́ kún irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdánù nínú etí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò tó ń lo irú kámẹ́rà yìí fi máa ń fi àyè sílẹ̀ yí ẹni tí wọ́n ń yà ká, tí wọn a sì pinnu nínú dákúrúùmù, yàrá tó ṣókùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, bóyá fọ́tò náà yóò dúró tàbí yóò dùbúlẹ̀. Àwọn mìíràn kọ̀ láti gé e: Rotimi Fani-Kayode, ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ní London títí di ikú rẹ̀ ní 1989, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní onígun mẹ́rin dọ́gba. Ìpinnu ni méjèèjì.

Nínú dákúrúùmù, iṣẹ́ yìí ní irinṣẹ́ tirẹ̀. A máa gé páálí dúdú méjì sí ìrísí lẹ́tà L, a ó gbé wọn sórí fọ́tò kékeré tí a kọ́kọ́ fọ̀, a ó sì máa sún wọn wọlé àti jáde, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, títí tí ojú yóò fi gbà á. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ bí mìlímítà méjì ṣe ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹ wo obìnrin kan tó kọjú sí ọ̀tún, tó ń wo ohun kan tí kò sí nínú fọ́tò. Bí àyè bá wà níwájú rẹ̀, ó ń retí ẹnìkan. Bí páálí bá sún mọ́ imú rẹ̀, ọkàn ẹni tó ń wò ó kò ní balẹ̀ mọ́. Bí àyè bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju iwájú lọ, yóò dà bíi pé ó ń kúrò níbi ohun kan tí a kò rí. Obìnrin kan náà ni, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, etí nìkan ló yí padà. Nígbà tí a bá rí ibi tó tọ́, a ó fi pẹ́ńsù pupa fàlà sí i, a ó sì to irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di pépà mú lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ńlá sí ibi tí a fàlà sí. Bí èyí kò bá jẹ́ ìgbékalẹ̀ àwòrán, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1946, onífọ́tò Arnold Newman ya Igor Stravinsky, ẹni tó ń kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé fún àwọn olórin, níbi tí ó jókòó sí ìdí dùùrù ńlá kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí sókè. Nẹ́gẹ́tíìfù náà gbòòrò gan-an ju fọ́tò tí a mọ̀ lọ. Newman gé e títí tí Stravinsky fi di ẹni kékeré ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó fọwọ́ ti orí, ìdérí dúdú náà sì gba gbogbo ìyókù. Ìwé ìròyìn tó gbé iṣẹ́ náà fún un kò lò ó, síbẹ̀ òun ni fọ́tò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Newman títí dòní. Ta ni yóò sọ pé kì í ṣe òun ló gbé e kalẹ̀?

Cartier-Bresson tí Ojú Lalákàn fi ṣe ẹlẹ́rìí náà gé fọ́tò ọkùnrin tó ń fò kọjá omi lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris ní 1932. Àárín pákó ọgbà kan ni ó ki lẹ́ǹsì bọ̀, pákó náà sì bo apá òsì nẹ́gẹ́tíìfù. Ó gé apá yẹn kúrò, fọ́tò náà sì wà lára èyí tí ayé mọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ipò tí ó wà ní ọjọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ wa tí okùn dá dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibi tí a dúró sí, èyí tí mo rò pé ó dàrú díẹ̀ nínú àlàyé Ojú Lalákàn. Bí ohun tó wà níwájú ṣe tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ onífọ́tò ló ń pinnu rẹ̀. Lẹ́ǹsì kò lè yí i padà, gígé náà kò sì lè yí i padà. Bí ẹ bá fi lẹ́ǹsì 50 ya ẹṣin kan, tí ẹ sì gé fọ́tò náà títí tó fi ku ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ àti ìdajì gíga rẹ̀, ohun tó kù lójú fọ́tò ni lẹ́ǹsì 100, tó ń mú ohun tóbi ní ìlọ́po méjì, ìbá kó wọlé láti ibi kan náà. Ilé tó wà lẹ́yìn ẹṣin kò ní sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jìnnà sí i. Nítorí náà, ẹni tó gbà pé kò sí ohun tó burú nínú kí onífọ́tò dúró lẹ́yìn okùn kí ó sì fi lẹ́ǹsì gígùn, tó ń mú ohun tó jìnnà tóbi lójú, ya fọ́tò, kò lè sọ pé gígé ló fa kí fọ́tò dà bí ti ẹni tó wà lókèèrè. Ibi tí a dúró sí ló fà á. Ohun tí gígé ń gbà lọ́wọ́ wa yàtọ̀: ó ń dín bí fọ́tò ṣe lè tóbi tó kù, ó sì ń mú kí gbogbo àbùkù rẹ̀ hàn sí i, ìbáà jẹ́ ojú tí kò mú dáadáa tàbí ọwọ́ tó gbọ̀n.

Lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ wa rí apá bàbá àti ọrùn ẹṣin, ó mọ ìgbà tí méjèèjì pàdé, ó sì tẹ bọ́tìnì nígbà yẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá a ṣe ìyẹn. Òpó tó gé kò sí lára ohun tí ó rí. Ó yẹ kí fọ́tò náà wà nínú ìpàtẹ.

Akọ̀ròyìn

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo gbà pé gígé jẹ́ ìgbékalẹ̀, àmọ́ nítorí pé mo gbà bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀ ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún tó ń jà fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ dúró pa pọ̀ ní Davos ní Switzerland kí wọ́n lè ya fọ́tò. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, Greta Thunberg sì wà lára wọn. Ìkarùn-ún ni Vanessa Nakate láti Uganda, ó dúró sí etí lápá òsì. Nínú fọ́tò kan tí iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press kọ́kọ́ gbé jáde, wọ́n ti gé e kúrò. Ìyókù dúró, ilẹ̀ Áfíríkà kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Nakate béèrè ní gbangba ìdí tí wọ́n fi yọ òun kúrò, àlàyé tó jáde láti iléeṣẹ́ náà ni pé ìgbékalẹ̀ àwòrán ló fà á, pé ilé kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gba ojú kúrò lára àwọn tó kù. Wọ́n fi fọ́tò mìíràn rọ́pò rẹ̀, olóòtú àgbà wọn sì tọrọ àforíjì.

Ẹ kíyè sí i pé àlàyé yẹn lè jẹ́ òótọ́ pátápátá nípa ti ẹwà. Ilé náà lè máa gba ojú gan-an. Bí a bá wá sọ pé gígé jẹ́ ara ìgbékalẹ̀, ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó gé e ló ni gbogbo ohun tí fọ́tò náà wá ń sọ lẹ́yìn tí ó gé e tán, kò sì lè fi ẹwà ṣe àwáwí mọ́. Òpó kánópì kò ní ohun tí yóò sọ nípa Ojúde Ọba. Ọkùnrin tó ń fi fóònù ya fídíò ní díẹ̀ láti sọ, nítorí pé bí ayẹyẹ náà ṣe rí lónìí nìyẹn, fóònù pọ̀ níbẹ̀ ju ẹṣin lọ. Bí ó bá jẹ́ pé fún ìròyìn ni ẹ ya fọ́tò yẹn, n ó ní kí ẹ fún olóòtú ní èyí tí ẹ kò gé pẹ̀lú. Fún ìpàtẹ, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ààlà mìíràn tún wà tí iṣẹ́ ìròyìn ti fà kedere. Ní ọdún 2010, ìdíje World Press Photo gba ẹ̀bùn kúrò lọ́wọ́ Stepan Rudik, onífọ́tò ará Ukraine, lórí fọ́tò ọwọ́ kan tí wọ́n ń fi aṣọ wé níbi ìjà ìgboro. Ó ti gé fọ́tò náà gan-an, ó ti sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ó sì ti mú kí ó rí hóró-hóró bíi ti fíìmù. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Díẹ̀ lára ẹsẹ̀ ẹnìkan ló ń yọ láàárín ìka ọwọ́ náà, Rudik pa á rẹ́, ìyẹn ni ìdíje náà kò gbà. Gígé ń mú etí wá sínú, ó sì ń fi ohun tó wà nínú sílẹ̀ bí ó ti rí. Pípa rẹ́ ń sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń darí yín ìbá ti ṣe dáadáa bí ó bá ti bi yín léèrè èwo nínú méjèèjì ni ẹ ṣe.

Ìyá Sítúdíò

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Sítúdíò ni èmi ń ṣe ní tèmi, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó wà nínú fọ́tò wọn.

Fọ́tò àgbà nílẹ̀ wa ní bí a ṣe ń yà á. Bàbá tàbí ìyá yóò jókòó tààrà, yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ẹsẹ̀ yóò sì là díẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa. A ó rí i láti orí dé bàtà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ṣàlàyé irú fọ́tò yìí, ó sì rí i pé ìlànà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí ẹnìkan bá wá gé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní àyà nítorí pé ojú nìkan ni ó wù ú, ó ti gba aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, ọ̀pá àṣẹ àti bàtà lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ wọ́n wá. Ní tiwa, ìgbékalẹ̀ ti parí kí onífọ́tò tó dé ìdí kámẹ́rà, ẹni tí a ń yà sì ni ó bá wa ṣe ìdajì rẹ̀.

Kò wá túmọ̀ sí pé a kì í gé nǹkan. Àwọn ọmọ olóògbé a máa gbé fọ́tò ìgbéyàwó ọlọ́jọ́ pípẹ́ wá, ènìyàn mẹ́wàá nínú rẹ̀, wọn a ní kí n yọ ojú ìyá àwọn jáde fún pósítà ìsìnkú. Mo máa ń ṣe é. Mo máa ń bi wọ́n léèrè tẹ́lẹ̀ ta ni ó dì mọ́ ọn, nítorí pé ọwọ́ tí kò ní ara lórí èjìká olóògbé kì í dára. Mo tún máa ń ṣọ́ gèlè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ onífọ́tò, ẹ má ṣe gé gèlè tàbí fìlà nítorí pé ẹ fẹ́ sún mọ́ ojú. Gèlè ni ó parí aṣọ, ẹni tó we é kò sì ní dárí jì yín. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé apá tàbí ẹsẹ̀, ẹ gé e ní àárín itan tàbí àárín apá òkè, ẹ má gé e ní oríkèé, bí ọrùn ọwọ́, orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé ojú a máa rí i bíi pé wọ́n gé ẹ̀yà ara náà dànù. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn bóyá òfin yìí kò kàn án.

Ojú Lalákàn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa lẹ́ǹsì àti ibi tí a dúró sí tọ̀nà, n kò sì ní jà sí i. Ibi tí mo ṣì dúró sí ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹni tó fi lẹ́ǹsì gígùn yà á rí etí fọ́tò rẹ̀ nígbà tí ẹṣin ń fò. Bí ẹṣin bá yí orí padà, etí náà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì mú un tàbí kí ó pàdánù rẹ̀. Ẹni tó ń gé e nílé ní gbogbo òru láti pinnu, ẹṣin náà kò sì ní mira mọ́. Mo gbà pé iṣẹ́ ni méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì, n ó sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí mo ń kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kámẹ́rà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá, mo ti wo ẹsẹ̀ ẹṣin náà, pátákò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú fọ́tò. N ó tún bá ẹni tó ń darí wa sọ̀rọ̀, n ó sì gbé èyí tí mo gé àti èyí tí n kò gé dání lọ́wọ́ kan náà. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ló kù. Fọ́tò tí kámẹ́rà mi yà jẹ́ píkísẹ́ẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 6000 sí 4000. Ohun tó kù lẹ́yìn tí mo gé e jẹ́ 3900 sí 3120. Báwo ni mo ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tóbi tó tí kò fi ní bàjẹ́?

Bàbá Dákúrúùmù

Ọmọ mi, ó ku bí ìdajì fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ, ó sì tó ohun tí o fẹ́ ṣe. Ó ti bá pépà 8 sí 10 mu láìní gé nǹkan kan mọ́, nítorí pé ìdá márùn-ún sí mẹ́rin ni 3900 àti 3120. Ní ínǹṣì 10 sí 8, píkísẹ́ẹ̀lì 390 ni yóò wà nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ó sì ju 300 tí a máa ń wá lọ. Ní 15 sí 12, yóò jẹ́ 260, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní 20 sí 16, yóò di 195; ẹni tó bá dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí ògiri kò ní rí àbùkù kankan bí ojú bàbá náà bá mú dáadáa, ṣùgbọ́n má ṣe kọjá ibẹ̀. Inú fáìlì tó jáde láti kámẹ́rà ni kí o ti gé e, má ṣe gé èyí tí o ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí pé ìyẹn ti kéré sí i kí o tó dé ìdí rẹ̀.

Jẹ́ kí àyè tó wà níwájú ẹṣin pọ̀ ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, kí ó lè rí ibi sáré sí. Kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ní 8 sí 10, kí o gbé e kọ́ síbi tí o ti ń rí i lójoojúmọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí o tó náwó sí ńlá. Bóyá wàá rí i pé òfuurufú tó ṣẹ́kù lókè ṣì pọ̀, tàbí pé o ti gé e jù.